Ìbéèrè Òǹkàwé: Ocellaris ni àbí percula? Bí a ṣe ń dá clownfish mọ̀, àti ohun tó ń pa àwọ̀ wọn dà

Okun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, láti Kábbà títí dé Ègbẹ̀, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn dá lé: àwọ̀ ẹja. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń fi tánkì dígí ṣe pálọ̀ àti iwájú hòtẹ́ẹ̀lì lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹja òkun kékeré aláwọ̀ ọsàn tó gba ọ̀já funfun mẹ́ta mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní clownfish, ló sì ń rú yín lójú jù, pàápàá ẹ̀yà rẹ̀ méjì tó jọra, ocellaris àti percula. A yọ orúkọ yín kúrò, a fi ìlú yín sílẹ̀.

“Mo ra clownfish méjì lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó. Ó ní percula ni àwọn méjèèjì. Ìgbà tí mo dà wọ́n sínú tánkì tán ni mo rí i pé ọ̀kan ní dúdú tó nípọn létí àwọn ọ̀já funfun rẹ̀, èkejì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá. Ṣé akọ àti abo ni, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ?” (Onílé ìtura, Kábbà)

Ẹ kú iṣẹ́ àlejò ṣíṣe. Dúdú yẹn kì í ṣe àmì akọ tàbí abo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yà méjì ló wà lọ́wọ́ yín: kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ percula, kí èkejì jẹ́ ocellaris. Àmọ́ ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà, torí dúdú nìkan ò tó ẹ̀rí. Percula tó ṣì kéré lè má tíì ní dúdú tó pọ̀, bó ṣe ń dàgbà ni dúdú náà ń fẹ̀ sí i. Àwọn percula àgbà kan sì wà tí tiwọn ò ju ìlà tín-ín-rín lọ. Ocellaris náà máa ń ní dúdú, bíi fọ́nrán òwú kan tó yí funfun ká. Tí dúdú bá wá fẹ̀ bí ìṣẹ́tí aṣọ, tó kún àárín ọ̀já kan sí èkejì, percula ni ọkàn máa ń lọ sí. Kí a sọ pé ọkàn lọ síbẹ̀ náà ló tọ́, kí a má tíì búra.

Ẹ̀yà méjèèjì jọra gan-an. Lacepède, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, ló sọ percula lórúkọ ní 1802. Ó di 1830 kí Cuvier, onímọ̀ ẹranko ará Faransé mìíràn, tó sọ ocellaris lórúkọ tirẹ̀. Títí dòní, àwọn ọlọ́jà ṣì ń pe ocellaris ní “ayédèrú percula”, orúkọ yìí ló sì ń fa àṣìṣe tó pọ̀ jù. Kò sí ayédèrú kankan lára ocellaris. Ẹ̀yà tó dá dúró ni, òun náà ló sì pọ̀ jù lọ́jà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látojú. Ẹ sún mọ́ dígí, kí ẹ dúró títí ẹja á fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn yín. Òrùka tó yí ọmọlójú ká ni kí ẹ wò. Lára percula, òrùka náà máa ń mọ́lẹ̀ yòò, àwọ̀ ọsàn gidi ni, débi pé ọmọlójú á dà bí ohun tó kéré, bíi wóró dúdú kan tó bọ́ sínú epo pupa. Lára ocellaris, òrùka náà ṣókùnkùn, ó jọ eérú tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ ọsàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọmọlójú dọ́gba. Gbogbo ojú á wá dà bíi pé ó tóbi, ó sì dúdú. Àmì yìí la fẹ́ràn jù, torí ó ń hàn lára ẹja kékeré, ẹ ò sì ní láti fọwọ́ kan ẹja kankan.

Lẹ́yìn ojú, ẹ ka ẹ̀gún. Lẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹja yìí pín sí ọ̀nà méjì: ẹ̀gún líle ló gbé apá iwájú ró, egungun rírọ̀ tó ya sí wẹ́wẹ́ lórí ló gbé apá ẹ̀yìn ró, ibi tí wọ́n ti pàdé sì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gún líle nìkan ni kí ẹ kà. Ocellaris sábà máa ń ní 11, percula sábà máa ń ní 10. A sọ pé “sábà” torí ocellaris oní-10 wà, percula oní-9 náà sì wà. Ẹja tó bá ní 11, ocellaris ni. Ẹja tó bá ní 9, percula ni. Ti oní-10 ló yẹ kí ẹ fi ojú àti dúdú kún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á mú ẹja jáde kúrò nínú omi láti kà á. Ẹ má dán an wò. Omi ara tó ń yọ̀ ló ń dáàbò bo ẹja yìí, tó bá sì bó, àrùn á wọlé. Ẹ nu dígí mọ́, ẹ pa iná fóònù tó ń kọ mànà, ẹ mú fóònù dúró gbọọrọ sí dígí, kí ẹ sì ya fọ́tò bíi 20 lásìkò oúnjẹ, torí ìgbà náà ni lẹbẹ máa ń nà. Ẹ wá fẹ fọ́tò tó mọ́ jù lójú, kí ẹ kà láti iwájú. Ẹ̀gún àkọ́kọ́ kúrú púpọ̀, ó sì sún mọ́ orí. Òun làwọn èèyàn máa ń fò, tí ocellaris á fi di ẹlẹ́gùn-ún 10 lójú wọn. Ẹ ka fọ́tò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí iye wọn ò bá bára mu, ẹ tún un yà.

Tí ẹ̀gún, ojú àti dúdú bá sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Apá iwájú lẹbẹ ẹ̀yìn ocellaris tún máa ń ga díẹ̀ ju ti percula lọ, àmọ́ bí ẹja méjì ò bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ṣòro láti mọ̀. Tí àwọn àmì bá ń ta kora, pàápàá bí ojú bá mọ́ bíi ti percula tí ẹ̀gún sì jẹ́ 11, ẹ fura sí àdàlù. Wọ́n ń pa ẹ̀yà méjèèjì pọ̀ ní ilé tí wọ́n ti ń sin ẹja, ọmọ wọn sì ń dé ọjà láìsí àlàyé kankan lára ọ̀rá rẹ̀.

“Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sìn ẹja ni mí. Ṣé a lè rí clownfish nínú òkun wa ní Èkó tàbí Bàdágírì? Ibo gan-an ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti wá?” (Ìyàrà)

Rárá, àbúrò wa. Kò sí ẹ̀yà clownfish kankan nínú òkun Àtìláńtíìkì, nítorí náà bó o bá wá a láti Bàdágírì dé Kàlàbá, o ò ní rí i. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé wọn, níbi tí omi ti lọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyùn sì pọ̀. Ẹ̀yà wọn tó bí 30, anemone ni gbogbo wọn sì ń gbé. Anemone jẹ́ ẹranko òkun tó rí bí òdòdó, tí ọwọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ ń ta ẹja mìíràn bí èsìsì.

Ibùgbé percula àti ocellaris yà sọ́tọ̀, ìmọ̀ yìí á sì wúlò fún ọ nígbà tó o bá fẹ́ ra ẹja tí wọ́n mú látinú òkun. Ocellaris wà ní erékùṣù Andaman àti Nicobar, Táílàńdì, Màléṣíà, Ìndonéṣíà, Fílípíìnì, títí dé Táíwáànì àti gúúsù Jàpáànì, àti ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Percula wà ní Papua New Guinea, Solomon Islands, Vanuatu àti àríwá Queensland ní Ọsirélíà. Tí oníṣòwò bá sọ pé percula òun wá tààrà látinú òkun Fílípíìnì, a jẹ́ pé orúkọ ẹja tàbí orúkọ ìlú, ọ̀kan ti ṣì í níbẹ̀.

Ní agbègbè Darwin, ní àríwá Ọsirélíà, ocellaris kan wà tó dúdú kirikiri tó sì ní ọ̀já funfun. Ọmọ rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ọsàn díẹ̀, tí èyí á sì máa di dúdú bó ṣe ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ ń ka èyí sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ torí kò sí àwọ̀ ọsàn tó pọ̀ lára rẹ̀. Ocellaris náà ni. Ka ẹ̀gún rẹ̀, wàá rí 11.

“Àwọ̀ ẹja mi ń ṣí. Ó pọ́n bí ọsàn nígbà tí mo rà á, ní báyìí ó ti dà bí ògì tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n máa kán epo pupa sí oúnjẹ rẹ̀.” (Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Mọ̀pà)

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán epo pupa sí i. Epo á léfòó, á bo ojú omi, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé dáadáa, ìyókù á sì rà sínú asẹ́ tánkì. Ohun tí aládùúgbò yín rò kò jìnnà sí òtítọ́ ṣá. Clownfish ò lè fúnra rẹ̀ ṣe àwọ̀ ọsàn. Inú oúnjẹ ló ti ń rí èròjà rẹ̀, irú èyí tó ń mú edé pọ́n. Dúdú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Funfun ọ̀já kì í ṣe àwọ̀ tí a kùn: kírísítálì wẹ́wẹ́ inú awọ ara ló ń ta ìmọ́lẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ burúkú fi ń pa àwọ̀ ọsàn rẹ́, tí ọ̀já funfun á sì ṣẹ́ kù bó ṣe wà.

Ẹ wo agolo oúnjẹ yín. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí ẹ ti ṣí i, tó sì wà lórí tánkì níbi tó ti ń gbóná, èròjà àwọ̀ inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀rá rẹ̀ sì ti kan. Ẹ ra agolo kékeré, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, kí ẹ bu ti ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ krill (oríṣi edé òkun wẹ́wẹ́), spirulina (èéhù omi) tàbí astaxanthin (èròjà tó ń mú edé pọ́n) sí lára. Ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Edé òkun inú fíríìsà dára, tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́. Edé gbígbẹ ti ọjà ni a ò gbà yín níyànjú, torí ẹ ò lè mọ ohun tí wọ́n fọ́n sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹ ní sùúrù oṣù kan sí méjì. Àwọ̀ kì í padà lọ́jọ́ kan.

Ẹ tún sọ pé ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ṣe pàtàkì. Ẹja yìí ń fẹ́ omi tó wà láàrin 25 sí 27°C. Ní òru ọyẹ́, tánkì tí kò ní hítà máa ń bọ́ sílẹ̀ jìnnà sí ìyẹn, ẹja á sì ṣí láwọ̀, kò ní fẹ́ jẹun. Hítà 100 wáàtì tó fún tánkì 100 lítà nínú yàrá. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ fún wákàtí púpọ̀, ẹ fi aṣọ nípọn bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tánkì, kí ẹ sì ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì. Àìsí afẹ́fẹ́ ló ń pa ẹja kíákíá bí iná bá lọ, òtútù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọyẹ́ tún ń fa omi gbẹ. Omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ ń ṣẹ́ kù, omi á wá máa le sí i. Ẹ fi bírò fa ìlà sára dígí níbi tí omi yẹ kó dé, kí ẹ sì máa fi omi lásán tí kò ní iyọ̀ kún un dé ìlà náà lójoojúmọ́. Ìwọ̀n tó tọ́ ni 1.025 lórí ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi. Ẹni tó bá ń po omi tuntun á lo nǹkan bíi kílò 3.5 iyọ̀ òkun àtọwọ́dá fún 100 lítà, kó tó wọ̀n ọ́n, kó sì tún un ṣe. Iyọ̀ ọbẹ̀ ò ṣeé fi rọ́pò rẹ̀, torí kò ní kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù tó wà nínú omi òkun.

Ohun méjì tó kù. Tí àwọ̀ bá ń ṣí lóru nìkan tó sì ń padà láàárọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó ṣe ń sùn nìyẹn. Àmọ́ tí àwọ̀ bá ṣí lójijì, tí ara ẹja ń bó bí ìkùukùu funfun láti orí wá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè omi, àrùn Brooklynella ni kí ẹ fura sí, ó sì lè pa ẹja láàrin ọjọ́ méjì mẹ́ta. Omi tí kò ní iyọ̀ kì í wò ó. Formalin, omi kẹ́míkà líle tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, ni wọ́n ń lò: mílílítà 1 formalin oní-37% sínú 4 lítà omi tánkì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, kí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ gidigidi nínú rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 45, kí ẹnìkan dúró tì í. Tí ẹja bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mú un jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbé e lọ sínú tánkì mìíràn tó mọ́, ẹ má dá a padà síbi tó ti wá. Formalin tó ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nísàlẹ̀ ìgò, ẹ má lò ó, májèlé ni fún ẹja. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

“Oníṣòwò kan ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni Picasso, Platinum àti Snowflake, ìdí nìyẹn tó fi bù wọ́n ní owó ńlá. Òun náà ló ní ọ̀já ẹja mi kan tó já láàárín jẹ́ ‘Picasso’. Ṣé òtítọ́ ni?” (Ògìdì)

Ẹ̀yin ará Ògìdì mọ aṣọ, ẹ gbà wá láyè kí a fi aṣọ ṣàlàyé. Òwú kan náà, òfì kan náà, ó lè jẹ́ pé ìlà nìkan ni ahunṣọ yí padà. Picasso àti Platinum, percula ni àwọn méjèèjì. Snowflake, ocellaris ni. Ìlà funfun ara wọn ni a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò Picasso ṣeé tọ́jú sọ́kàn. Ẹja tó bá gba ohun àjogúnbá yẹn lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni Picasso: funfun rẹ̀ fẹ̀, ó sì wọ́ káàkiri. Èyí tó gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni Platinum, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun látòkè délẹ̀. Nítorí náà, bí Picasso méjì bá yé ẹyin, nínú ọmọ mẹ́rin, ẹ retí nǹkan bíi Platinum kan, Picasso méjì, àti percula lásán kan. Ẹni tó bá ní gbogbo ọmọ Picasso méjì ni Platinum, ìṣirò kò gbè é.

Ọ̀rọ̀ ọ̀já tó já yàtọ̀ sí èyí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Ọmọ clownfish kì í ní ọ̀já nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì kan ló ń yọ, ti orí ló ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ti àárín, ti ìdí ìrù ló ń gbẹ̀yìn. Hómóònù tó ń wá láti ọ̀fun, irú èyí tó wà lọ́rùn èèyàn tó ń fa gẹ̀gẹ̀ bí ó bá dàrú, ló ń darí rẹ̀. Ní Kimbe Bay, ní Papua New Guinea, àwọn olùwádìí rí i pé ọmọ percula tó ń gbé inú anemone Stichodactyla gigantea ń yára yọ ọ̀já ju àwọn ẹgbẹ́ wọn inú anemone Heteractis magnifica lọ, hómóònù yìí sì pọ̀ jù lára wọn. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 2021. Ohun tó kọ́ wa ni pé ibi tí ọmọ ẹja ti dàgbà lè yí ọ̀já rẹ̀ padà láìsí pé àjogúnbá rẹ̀ yàtọ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń sin ẹja, oúnjẹ tí kò tó àti omi tó dọ̀tí láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn máa ń fa ọ̀já tó já tàbí tó kù díẹ̀ káàtó. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń jẹun, ó ń dàgbà, ìlera rẹ̀ ò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ò ní jogún ọ̀já yẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó Picasso lé e.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò òbí rẹ̀ ránṣẹ́, àti ti ẹja náà lábẹ́ iná funfun. Iná aláwọ̀ aró tí wọ́n máa ń tàn sí tánkì ń mú kí àwọ̀ ọsàn gbiná bí ẹyín iná. Ilé yín kọ́ lẹ ó ti rí àwọ̀ yẹn mọ́.

“Ẹja mi pupa, ọ̀já funfun mẹ́ta ló ní nígbà tó kéré. Ó ti dàgbà, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn ojú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń dúdú. Àrùn wo ni?” (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Kò ṣàìsàn o. Frenatus ni, èyí tí wọ́n ń pè ní clownfish tòmátì. Ọmọ rẹ̀ ní ọ̀já méjì tàbí mẹ́ta, àgbà rẹ̀ ní ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ abo sì máa ń dúdú. Ẹ wo lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀. Tí ó bá pupa, frenatus ni. Tí ó bá dúdú, melanopus ni, ìbátan rẹ̀. Ephippium ni ẹ̀kẹta: bó bá dàgbà kì í ní ọ̀já rárá, ara rẹ̀ á ní àbàwọ́n dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn bíi gàárì ẹṣin. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀já nìkan yà wọ́n.

Tí ẹ bá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò tí ẹ sì rí ẹ̀gún tó yọ síta lábẹ́ ojú, biaculeatus nìyẹn, kì í ṣe tòmátì. Ẹ má fi àwọ̀n mú un, ẹ̀gún náà á há. Ife oníke ni kí ẹ fi bù ú pẹ̀lú omi. Èyí tó wá láti Sumatra, ọ̀já rẹ̀ máa ń di àwọ̀ wúrà bó ṣe ń dàgbà, ìyẹn náà kì í ṣe àrùn.

“Àrọ̀ ni mò ń sìn, kì í ṣe ẹja òkun. Ọmọ ẹja kan náà ni mo pín sí inú kòtò ẹrẹ̀ àti inú tapólíìnì aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ti ẹrẹ̀ dúdú, ti tapólíìnì hó bí eérú. Àwọn oníbàárà ní ẹ̀yà méjì ni mo ń tà.” (Ìsánlú)

Ẹ̀yà kan ni, ọ̀rọ̀ yín sì bá ti òkè yìí tan. Nínú awọ àrọ̀, dúdú wà nínú hóró kéékèèké. Tí ilẹ̀ ibi tó wà bá dúdú, dúdú inú hóró á tàn káàkiri. Tí ilẹ̀ bá mọ́lẹ̀, á kó jọ sójú kan, ara á hó. Ẹ lè fi han oníbàárà: ẹ mú àrọ̀ tapólíìnì bíi márùn-ún, ẹ fi wọ́n sínú bàsíà dúdú tó ní omi kòtò, ẹ fi nǹkan bò ó. Láàrin wákàtí díẹ̀ wọ́n á ti ṣókùnkùn sí i. Kí wọ́n tó dúdú bíi ti inú ẹrẹ̀, á tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí hóró dúdú tuntun ní láti kún ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi àwọ̀ wá ẹ̀yà àrọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ pa. Clarias ní lẹbẹ gígùn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìrù. Heterobranchus ní èyí tó kúrú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹran rírọ̀ kan tí kò légungun wà bíi lẹbẹ kejì. Àdàlù àwọn méjèèjì ní ẹran rírọ̀ náà, àmọ́ ó kéré. Èyí tó funfun tí ojú rẹ̀ sì pupa, àfín ni.

Àwọ̀ tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni yẹ́lò. Bí ikùn àti awọ àrọ̀ bá ń pọ́n bí ata rodo tó ń pọ́n lọ, ẹ yẹ àpò oúnjẹ wò: bí ó bá ń rùn bí epo tó ti kan, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Àbàwọ́n dúdú àti funfun tó ń yọ lójijì nígbà tí ẹ bá ń ṣà wọ́n, ìnira ni. Ó máa ń lọ bí wọ́n bá ti sinmi.

“Báwo ni mo ṣe lè mọ akọ àti abo clownfish láti ara àwọ̀? Ṣé mo lè pa ocellaris mi pọ̀ mọ́ percula?” (Ègbẹ̀)

Lára ocellaris àti percula, àwọ̀ ò lè sọ fún yín. Akọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ́. Èyí tó tóbi jù láàrin wọn ló ń di abo, bí abo bá sì kú, akọ rẹ̀ á di abo. Tí ẹ bá fẹ́ méjì tó máa bára gbé, ẹ ra kékeré méjì tí ọ̀kan fi díẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ kó wọn sínú tánkì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo kékeré náà: tó bá ń gbọ̀n jìjì níwájú ńlá, ó ti gbà fún un. Tí wọ́n bá wá ń já lẹbẹ ara wọn jẹ fún ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ fi dígí dá wọn lágbẹde méjì.

Ocellaris àti percula lè bára wọn bímọ. A ò ní kà á léèwọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó ń dùn wá pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dé ọjà lábẹ́ orúkọ percula, tí onílé ìtura kan ní Kábbà á sì máa ka ẹ̀gún lásán. Tí ẹ bá tà wọ́n, ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá: “ocellaris × percula”, orúkọ abo lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí wọ́n pa sí i.